Áàpù tí yóò máa ṣọ́ arìnrìn-àjò lókè òkun: ẹ bá wa dá sí i kí a tó kọ kóòdù

OmoYaba_Koodu · Ajé, 7:15 alẹ́

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi.

Àwa mélòó kan tí a ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Sábó, Yábàá, la fẹ́ ṣe áàpù kan fún àwọn èèyàn wa tó ń rìnrìn àjò jáde nílùú. Kì í ṣe fún olówó tó ní ẹni tí yóò wá gbé e ní ẹ́ápọ́ọ̀tù. Àwọn tí a ní lọ́kàn ni ìyá tó ń lọ kó ọjà ní Guangzhou tàbí Istanbul, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí físà ilé ìwé gbà, alàgbà tó ń lọ Hájì, àti ọmọdébìnrin tí wọ́n sọ fún pé iṣẹ́ wà ní Dùbáì. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n lọ́hùn-ún, ilé kì í tètè gbọ́. Bí ilé bá sì gbọ́, wọn kì í mọ ibi tí wọ́n máa gbà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ti yà sórí ìwé rèé: bọ́tìnì pupa ńlá kan lójú fóònù. Bí ewu bá dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, áàpù á fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta tí ẹ ti yàn. Lábẹ́ rẹ̀ la ó kọ nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ wà sí: 112 ní gbogbo orílẹ̀-èdè European Union, 999 ní Ìlú Ọba, 911 ní Amẹ́ríkà, 110 fún ọlọ́pàá àti 120 fún áńbúláǹsì ní Ṣáínà. Àdírẹ́sì ẹ́ḿbásì wa náà á wà níbẹ̀.

A fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń rin ọ̀nà náà. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Kí lẹ máa ń ṣe kí ẹ tó kúrò nílé? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má wo ojú wa.


IyaAlaso_Balogun · Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, Guangzhou ni mo ti ń kó o. Lórí nẹ́tíwọọ̀kì Ṣáínà, WhatsApp ò ṣí, Google ò ṣí, Facebook ò ṣí, àfi tí èèyàn bá ti gbé VPN (áàpù tó ń la ọ̀nà gba ẹ̀yìn ìdènà) sórí fóònù láti ilé. Ẹlòmíràn á balẹ̀ tán kó tó mọ̀, ibi tí ì bá sì ti gbé e náà wà lára ohun tí wọ́n tì pa. Tí bọ́tìnì yín bá máa gba ọ̀nà WhatsApp, kò ní kọjá.

Olè kọ́ ló ń dààmú wa jù níbẹ̀. Bí èèyàn ṣe máa padà sí ibi tó wọ̀ sí ni. Onítakisí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì lè ka orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi ABD kọ fún un. Káàdì hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi lẹ́tà tiwọn kọ ni mo máa ń fi há inú bùbá. Mi ò kì í fi sínú báàgì, torí báàgì lè sọnù. Tí áàpù yín bá lè gbé àdírẹ́sì ibi tí mo wọ̀ sí jáde ní lẹ́tà wọn, kó tóbi kó kún ojú fóònù, tí màá kàn na fóònù sí ọkùnrin yẹn, ẹ ti ṣe mí lóore.

Òfin ńkọ́? Àlejò tí kò bá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó lọ wọ̀ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Páásìpọ́ọ̀tù náà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ìgbà tí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró lójú títì ni wọ́n ń mọ̀. Ọjọ́ tí èèyàn bá balẹ̀ ni kí áàpù ti sọ ìyẹn fún un.

Bí àwa ṣe ń ṣe tiwa nìyí. Lálaalẹ́ ni mo máa ń fi "mo ti wọlé" ránṣẹ́ sí àkọ́bí mi. Wákàtí 7 ni wọ́n fi ṣáájú wa níbẹ̀. Tí aago 4 ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Èkó tí kò tíì gbọ́ mi, aago 11 alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ mi nìyẹn, á pe ìyá kejì tí a jọ lọ. Tí ìyẹn ò bá gbé e, á pe hòtẹ́ẹ̀lì. Mi ò rò pé ẹ nílò nǹkan tó le ju ìyẹn lọ.


Akin_Android · Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ ṣeun. OmoYaba, ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn dáadáa, ó kan ẹ̀yin tí ẹ máa kọ kóòdù gan-an.

Tó bá jẹ́ Firebase, ètò Google tó ń gbé ìkìlọ̀ dé orí fóònù, lẹ fẹ́ máa lò, server (kọ̀ǹpútà àárín gbùngbùn) Google ló ń gbà kọjá, ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì Ṣáínà láìsí VPN lè máà rí i. Máàpù wọn náà ní tiẹ̀: òfin wọn ni pé kí máàpù tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ sún ojú ibi kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀, ìsún náà sì lè tó ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan. Ẹ mú nọ́ńbà GPS inú fóònù, ẹ gbé e sórí máàpù wọn láìtún un ṣe, ẹ ti rán ẹni tó fẹ́ wá gba ìyá sílẹ̀ lọ sí àdúgbò míì. Dùbáì ò tì WhatsApp pa, ọ̀rọ̀ kíkọ ń lọ, àmọ́ ìpè orí WhatsApp kì í lọ. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣètò pé òun á fi ìpè fídíò fi ibi tí òun wà han ilé.

GPS fúnra rẹ̀ ò jẹ dátà, fóònù ń gbọ́ sátẹ́láìtì ní tààrà. Máàpù àti ìfiránṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí máàpù ìlú tí wọ́n ń lọ ti wà lórí fóònù kí wọ́n tó kúrò ní Ìkẹjà.

SMS ni kó jẹ́ ọ̀nà kejì, àmọ́ kò rọrùn bí ẹ ṣe rò. Láti ọdún 2019 ni Google Play ti há àyè SMS mọ́ àwọn áàpù lọ́wọ́. Ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ máa ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Lórí iPhone, áàpù ò lè dá SMS fi ránṣẹ́ rárá, ẹni tó ni fóònù ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ohun míì wà tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí. Lẹ́tà 160 ni SMS kan ń gbà. Tí ẹ bá fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan péré sínú rẹ̀, ó já sí 70. Ẹ wá fi àdírẹ́sì àti nọ́ńbà GPS kún un, ó di SMS méjì tàbí mẹ́ta, owó roaming (owó ìlò láìnì lókè òkun) ni wọ́n á sì fi gé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kírédítì bá tán láàárín, ọ̀rọ̀ ò ní dé pé. Mo fẹ́ kí àmì ohùn wà ní gbogbo ojú áàpù yìí, kó pé pérépéré. Ṣùgbọ́n SMS pàjáwìrì, ẹ kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i.

Ó ku bátìrì. Láti Android 10, èèyàn gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda lọ́tọ̀ kí áàpù tó lè mọ ibi tó wà nígbà tí kò ṣí i sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tí a sì ń rà ní Computer Village máa ń pa áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Áàpù yín lè ti kú láti àárọ̀, kí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e má mọ̀.


MoTiDele · Ìṣẹ́gun, 11:30 alẹ́

Mo kàn máa ń kà níbí ni, n kì í kọ nǹkan.

Lẹ́bánónì ni mo ti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé, ìyàwó ilé gba páásìpọ́ọ̀tù lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun á bá mi tọ́jú ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti gba fóònù. Ètò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kafala: ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ló so ìwé ìgbélùú rẹ mọ́ orúkọ ara rẹ̀. Tí o bá jáde nílé rẹ̀ láìgbàṣẹ, ìwọ lòfin máa mú. Torí náà nígbà tí ẹ sọ̀rọ̀ bọ́tìnì, mo ń kà á, mo ń bi ara mi pé ta ló máa bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi wà ní Múṣin. Nọ́ńbà ejẹ́ńtì nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn, láìnì yẹn ò sì lọ mọ́ lẹ́yìn tí mo wọ bààlúù. Wọn ò mọ orúkọ ilé tí mo wà. Wọn ò mọ ìlú tí mo wà, "Lẹ́bánónì" ni wọ́n ṣáà mọ̀. Wọn ò ní fọ́tò páásìpọ́ọ̀tù mi. Àbúrò ìyá mi lọ sí ọ́fíìsì kan láti fẹjọ́ sùn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni nọ́ńbà páásìpọ́ọ̀tù, ó sì padà sílé. Ọmọ Gánà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tó tẹ̀ lé tiwa ló yá mi ní fóònù níbi tí a ti ń da ilẹ̀ nù. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ ò gùn, mo ń sọ ọ́ mo ń wo ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ Yábàá, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe èyí tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí fóònù ò sí lọ́wọ́ mi.


OmoYaba_Koodu · Ọjọ́rú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, ẹ kú ewu, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ ọ́.

A jókòó ti ọ̀rọ̀ yín lónìí, ọ̀rọ̀ ìyá wa ti Balógun ló la ọ̀nà fún wa. Bọ́tìnì ń fẹ́ kí ẹni tó wà nínú ewu ṣe nǹkan kan. Àkọ́bí ìyá ò dúró de igbe. Àìgbọ́ ohùn ìyá ló ń gbé e dìde. Ìyẹn la máa fi ṣe ìpìlẹ̀ áàpù yìí.

Kí èèyàn tó kúrò nílé, òun àti ẹni ilé á jọ fi àkókò sí i: alaalẹ́, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, bó bá ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Orí server wa ni àkókò náà á wà, kò ní wà lórí fóònù ẹni tó ń lọ. Tí àkókò bá kọjá tí "mo wà dáadáa" ò wọlé, server á pe ilé. Wọn ì báà gba fóònù, bátìrì ì báà kú, nẹ́tíwọọ̀kì ì báà máà sí, ilé á gbọ́ bákan náà. Ó sì yanjú ohun tí Akin sọ nípa áàpù tí fóònù ń pa.

Gbogbo nǹkan tí ìyá yín ò ní lọ́wọ́ la máa béèrè kí àkókò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: fọ́tò páásìpọ́ọ̀tù, orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ń gbà yín síṣẹ́, ìlú àti àdírẹ́sì, orúkọ ejẹ́ńtì àti ọ́fíìsì rẹ̀, fọ́tò ejẹ́ńtì fúnra rẹ̀ tí ẹ bá lè rí i yà. Àyè tó bá ṣófo, a ò ní dá yín dúró torí rẹ̀, ṣùgbọ́n áàpù á sọ fún ẹni ilé pé ó ṣófo, kí wọ́n lè béèrè nígbà tí ẹ ṣì wà ní Múṣin.


BabaDireba_Seme · Ọjọ́rú, 8:11 alẹ́

Ọ̀nà Kùtọnu ni mò ń ná láti Mile 2, mo máa ń dé Lómè nígbà míì. Èrò yín dára, àmọ́ ẹ rọra.

Bí a bá ti ń sún mọ́ bodè Seme, síìmù Nàìjíríà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Á mú tiwa, á mú ti Bẹ̀nẹ̀, á tún pòórá. Tó bá jẹ́ pé gbogbo èrò tó ń wọ ọkọ̀ mi ló ní áàpù yìí, gbogbo ìyá wọn ni wọ́n á jí láago 2 òru. Ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ní ọmọ rẹ̀ sọnù, chárjà lọmọ gbàgbé sí Àgbádárìgì! Tí ẹ bá jí i lásán lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ tó bá jẹ́ òótọ́ kò ní dìde.

Ẹ kọ́kọ́ rán ẹni tó ń lọ létí. Tí kò bá dáhùn, ẹ pe láìnì rẹ̀. Ẹ fún un láyè wákàtí mélòó kan. Lẹ́yìn náà ẹ pe ẹnì kan péré nílé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ le, kì í ṣe ìyá. Ìyẹn náà ni á sọ pé kí ẹ pe àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí èèyàn lè sọ ṣáájú pé "mo ń wọ bodè, ẹ má retí mi títí di alẹ́".

Ẹ fi ẹ̀tọ́ wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà síbẹ̀ pẹ̀lú. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà, tí ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú) bá pé. Káàdì yẹ́lò yẹn, láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún ìgbésí ayé ẹni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan á dúró lójú ọ̀nà, á ní ọdún 10 ti pé lórí tìrẹ, kí o mówó wá. Ọ̀pọ̀ èrò mi ló ti sanwó yẹn torí wọn ò ní ohun tí wọ́n lè fi hàn án. Ẹ kọ ọ́ sínú áàpù ní Faransé, kí a lè nà án sí wọn.


Loya_Ikeja · Ọjọ́bọ̀, 7:35 àárọ̀

Ohun tó yẹ kó wà nínú áàpù yìí ṣáájú máàpù ni gbólóhùn kan: "Mo fẹ́ kí ẹ fi tó ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè mi létí pé ẹ ti mú mi." Abala 36 nínú àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 lórí iṣẹ́ kọ́ńsúlà ló fún wa ní ẹ̀tọ́ yìí. Ọlọ́pàá tó mú àlejò gbọ́dọ̀ sọ fún un láìjáfara pé ó ní ẹ̀tọ́ náà, tó bá sì ti béèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ò ní béèrè. Ẹ wá ẹni tó ní èdè náà lẹ́nu láti kékeré kó kà á sínú áàpù ní Lárúbáwá, ní Faransé, ní èdè Tọ́kì àti ti Ṣáínà, kí ẹni tí wọ́n mú lè tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Kí ó sì kọ́ ọ sórí pẹ̀lú, nítorí ohun tí MoTiDele sọ.

Ẹ má sì tan àwọn èèyàn jẹ nípa ẹ́ḿbásì. Wọ́n lè bẹ̀ ọ́ wò, wọ́n lè fún ọ lórúkọ àwọn lọ́yà, wọ́n lè bá ọ kàn sí ilé, wọ́n lè fún ọ níwé ìrìnnà pàjáwìrì. Wọn ò lè yọ ọ́ lẹ́wọ̀n ní ìlú onílùú.

Ọ̀rọ̀ kejì kan ẹ̀yin fúnra yín. Òfin ààbò détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 de ẹnikẹ́ni tó bá ń kó irú nǹkan tí ẹ fẹ́ kó yìí. Páásìpọ́ọ̀tù, àìsàn, ibi tí èèyàn sùn: tí ọwọ́ ọ̀daràn bá tẹ server yín, ẹ ti bá a to orúkọ àwọn tó ń rìn láìsí olùgbèjà. Ẹ tì í pa débi pé ẹ̀yin náà ò ní lè kà á, àfi kí àkókò kọjá. Ọjọ́ tí èèyàn bá ti padà dé, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.


Alhaja_Isolo · Ọjọ́bọ̀, 1:50 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbàgbé ẹrù o. Ní ìparí ọdún 2018, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ẹ́ápọ́ọ̀tù Kánò lọ ṣe Úmúrà. Wọ́n bá tramadol nínú báàgì tí wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́, báàgì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wà látìmọ́lé ní Saudi, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pa ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọlé, títí di oṣù kẹrin ọdún 2019 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Wọ́n mú àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́ ẹ́ápọ́ọ̀tù náà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti gbé ẹrù lé òṣùwọ̀n, mo máa ń ya fọ́tò rẹ̀, mo máa ń ya kìló tó kà, mo máa ń ya ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo sì máa ń ka iye rẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kí áàpù mú èèyàn ṣe èyí létí kàǹtà, kó gbé aago lé fọ́tò náà, kó fi ránṣẹ́ sílé lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá sọ pé báàgì mẹ́ta lo gbé, ẹ̀rí ti wà nílé pé méjì ni.

Àwọn àgbàlagbà wa ní Mina, ibi tí àwọn tó ń ṣe Hájì ń sùn sí, àgọ́ funfun lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, gbogbo rẹ̀ jọra. Ìyá kan tí a jọ lọ jáde lọ ṣe àlùwàlá, kò rí ọ̀nà padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò lè kàwé, kò gbọ́ Lárúbáwá. Ohun tí irú wọn nílò ni kí ẹnì kan bá wọn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú àgọ́ pé "ibí ni mo wà", kí fóònù máa fi ọfà tọ́ka padà síbẹ̀, kó sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá, "ẹ yà sí ọ̀tún". Kó má gba dátà.


Noosi_Surulere · Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́

Alhaja ti mẹ́nu kan tramadol, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un kíá. Àwọn oògùn kan wà tí àwọn aláìsàn wa ń lò lọ́nà tó tọ́, tramadol àti èyí tó ní codeine nínú, tí ilẹ̀ Dùbáì ka sí ohun tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ kàn gbé wọlé. Àyè wà láti gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ìjọba wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí èèyàn tó gbéra, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ SS ni mò ń rò jù. Àwọn ni ìrora lè mú kí wọ́n gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ dání.

Lójú ìwé ìlera, ẹ má fi irú ẹ̀jẹ̀ nìkan síbẹ̀. Ẹ fi jẹ́nótáìpù sí i. Dókítà ìlú òyìnbó lè rí ọmọ tó ń ké pé egungun ń ro òun kó má ronú kan SS. Kó hàn lójú fóònù láìjẹ́ pé wọ́n mọ PIN.


Obinrin_EbuteMeta · Ẹtì, 9:17 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó máa gba ìkìlọ̀ nílé ló fẹ́ràn ẹni tó ń lọ. Ejẹ́ńtì tó ń kó ọmọ lọ tà lè bá ọmọ gbé áàpù náà sórí fóònù fúnra rẹ̀, kó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni ilé. Ọkọ tó ń lu ìyàwó lè fi í mọ ibi tí ìyàwó sá lọ. Ẹ ti ronú kan ìyẹn?


OmoYaba_Koodu · Ẹtì, 12:40 ọ̀sán

Àǹtí, òótọ́ ni. A ti pinnu pé áàpù ò ní máa tọ ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni. "Mo wà dáadáa" nìkan ló máa ń lọ sílé, láìfi ibi téèyàn wà kún un, àfi kí òun fúnra rẹ̀ fi kún un tàbí kí àkókò kọjá. Ẹni ilé gbọ́dọ̀ tó méjì, a ó sì pe ẹnì kejì lórí láìnì lọ́tọ̀ láti bi í pé ṣé ó mọ ẹni yìí. Ẹni tó ń lọ lè yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò láìjẹ́ pé ẹni náà gbọ́.

A tún ń rò ó pé kí PIN jẹ́ méjì. Ọ̀kan fún "mo wà dáadáa" tòótọ́. Ìkejì, ojú kan náà ló máa gbé jáde, àmọ́ ilé á mọ̀ pé wọ́n ń fipá mú un ni.


Akin_Android · Ẹtì, 1:25 ọ̀sán

Mi ò fara mọ́ PIN méjì. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á ṣì í tẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ò bà náà á ṣì í tẹ̀ lálẹ́ tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ Bàbá Dírẹ́bà á sì ṣẹ. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ pé PIN méjì wà lórí áàpù yìí á ní kí ọmọ tẹ méjèèjì lójú òun.


MoTiDele · Ẹtì, 3:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Akin, nígbà tí ìyàwó ilé wá gbà kí n máa bá ilé sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń dúró sí, á sì ní kí n ṣí ohùn sókè. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó ń bá wọn wá ọmọ ọ̀dọ̀ lè gbọ́ ọ. Èmi àti ìyá mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tí a ti bá ara wa sọ ṣáájú. Tó bá jẹ́ pé a ti sọ ọ́ pé tí mo bá kí ìyá àgbà tó ti kú, kí wọ́n mọ̀ pé ara ò rọ̀ mí, ìyẹn ì bá tó. Ẹ jẹ́ kí áàpù ní kí èèyàn àti ẹni ilé rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, kí ẹ má sì tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sórí server kankan. Kó wà lẹ́nu wọn.


Akin_Android · Ẹtì, 4:06 ìrọ̀lẹ́

Èyí dára ju PIN lọ. Mo gbà.


Egbon_Oyingbo · Àbámẹ́ta, 7:44 àárọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti Ajé, mo sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ ẹni tó lọ lẹ wà jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó wà nílé.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́yìn odi nígbà tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni. Gbogbo ẹbí péjọ sí Òyìnbó, gbogbo wa ló ń pe gbogbo èèyàn. Èèyàn mẹ́rin pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan náà. Kò sẹ́ni tó pe ọsibítù kankan ní ìlú tó wà, torí olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì ti pè. Ẹ́ḿbásì ò gbé ìpè títí di Ajé. Ọsibítù ló wà, mọ́tò ló gbá a, páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ wà ní ilé tó ń gbé. Ìpè kan ni ì bá ti fi ọkàn wa balẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí server yín bá pe ilé, kí ló máa sọ? "Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ Kúnlé" nìkan á kàn dá ìpayà sílẹ̀ ni. Kí ó sọ ohun tí ẹni náà máa ṣe báyìí, lẹ́sẹẹsẹ: hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé tó wà, nọ́ńbà rèé, ẹni tí wọ́n jọ lọ, nọ́ńbà rèé, ọsibítù ìlú náà, ọlọ́pàá ìlú náà, lẹ́yìn náà ẹ́ḿbásì, NiDCOM (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn odi), àti àjọ NAPTIP tó bá jọ ọ̀rọ̀ gbígbé èèyàn tà. Tí ẹnì kan bá ti gba iṣẹ́ kan, kí ó tẹ̀ ẹ́ pé "mo ti gbà á", kí àwọn yòókù rí i kí wọ́n gba òmíràn. Gbólóhùn tí wọ́n máa kà fún ẹni tó bá gbé ìpè ní ìlú òyìnbó, ẹ kọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú, ní èdè ibẹ̀: orúkọ bó ṣe wà nínú páásìpọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí, aṣọ tó wọ̀ tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n.

Àti pé fóònù tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá wa. Kí server pe wọ́n pẹ̀lú ohùn, ní Yorùbá tó já gaara, kó ní kí wọ́n tẹ 1 tí wọ́n bá ti gbọ́.


OmoYaba_Koodu · Àbámẹ́ta, 2:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà ìgbà náà. Ẹ ti gbé iṣẹ́ kan lé wa lórí tí kò sí nínú àwòrán wa rárá: ojú áàpù ti ẹni ilé. Òun la máa kọ́kọ́ ṣe. Ó lè ṣiṣẹ́ láìsí nǹkankan lórí fóònù ẹni tó ń lọ, àfi SMS "mo wà dáadáa", tó lè ti fóònù ẹlòmíràn wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì àdírẹ́sì ní lẹ́tà ìbílẹ̀, fọ́tò ẹrù, gbólóhùn ẹ́ḿbásì. Máàpù Mina máa pẹ́ díẹ̀, a fẹ́ ṣe é dáadáa.

Ìbéèrè kan ló kù tí ń kọ wá lóminú: ta ló máa sanwó SMS àti ìpè? A ò fẹ́ fi ìpolówó ọjà síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń san owó ìpolówó á fẹ́ mọ ẹni tó ń lọ àti ibi tó ń lọ.


IyaAlaso_Balogun · Àbámẹ́ta, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbà á lọ́wọ́ àwa tí a ń lọ ra ọjà, lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan. Tíkẹ́ẹ̀tì àti físà là ń san owó ńlá lé, a ò ní sọ pé èyí wọ́n. Èyí tí a bá san ni kí ẹ fi gbé àwọn ọmọ tó ń lọ ṣiṣẹ́ ilé, kí wọ́n má san kọ́bọ̀.

Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní láìnì wa sọ ọ́. Àwọn kan ń gbéra lọ Istanbul lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn á gbé e dání. Ẹ wá sí ọjà ní Ọjọ́rú lẹ́yìn aago 4, ọjà á ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé e wá bó ṣe wà lórí ìwé. Ẹ sì mú fóònù tọ́ọ̀ṣì kan dání, kí a gbọ́ bí ohùn yẹn á ṣe dún.


MoTiDele · Àbámẹ́ta, 9:40 alẹ́

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó máa ka ohùn Yorùbá yẹn, màá kà á.